Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti wọlé, iná púlọ́ọ̀gì kò tíì dé: bí a ṣe ń so wáyà rẹ̀

Tí mẹkáníìkì bá ti de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn tán, tó fi bẹntiróòlù fọwọ́, tó ní kí wọ́n lọ pe rìwáyà (ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò) wá, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní mú. Tàbí kó mú, kó tún kú bí wọ́n bá ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Onímọ́tò á dúró lé mi lórí, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wáyà lásán ló kù?” Ìmọ̀wò ni mo wà, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó fẹ́ fi mọ́tò ara wọn wá sí Ojúde Ọba, irú iṣẹ́ yìí a máa pọ̀ lọ́wọ́ mi ju àyípadà fíúsì lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, fún ẹni tó ń gbèrò àtigbé ẹ́ńjìnnì míràn sí mọ́tò rẹ̀ àti fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di tẹ́sítà mú.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ kọ́kọ́ pinnu èyí tí yóò jẹ́ ọ̀gá: ètò iná mọ́tò yín ni, tàbí ti ẹ́ńjìnnì tuntun. Kí iná tó ta lójú púlọ́ọ̀gì, nǹkan kan ní láti mọ ibi tí písítìnnì dé, nǹkan kan ní láti mú àsìkò tí iná máa ta, nǹkan kan sì ní láti gé iná kọ́ìlì lójijì, nítorí gígé yẹn gan-an ló ń bí iná ńlá tó ń jáde. Nínú mọ́tò àtijọ́, dísítríbútọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú èyí tó dé lẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ ló ń wo písítìnnì, bréènì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ló ń mú àsìkò, ígínáítà ló ń gé iná. Ẹ lè yọ ti mọ́tò yín látòkèdélẹ̀ kí ẹ gbé e lé ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ sì lè gbé ti ẹ́ńjìnnì tuntun wọlé látòkèdélẹ̀. Èyí tí kò ṣeé ṣe ni kí ẹ mú sẹ́ńsọ̀ ti ibí, kí ẹ mú bréènì ti ọ̀hún, kí ẹ wá fi téèpù dì wọ́n pọ̀. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó “bàjẹ́” tí wọ́n fẹ́ dá padà fún ẹni tó tà á, kò bàjẹ́ rárá. Ìdajì-ìdajì ni wọ́n so ó.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ ra ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, kó má kàn bèèrè iye tí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Kó bèèrè wáyà ẹ́ńjìnnì lódindi, bréènì tó bá a wá, kọ́ìlì, ígínáítà, àti gbogbo sẹ́ńsọ̀. Àwọn tó ń tú mọ́tò níbẹ̀ máa ń kánjú. Ṣísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé wáyà, wọ́n sì máa ń gé e ní ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, tí kò ní ku ibi tí ọwọ́ máa dì mú. Bí wọn kò bá fẹ́ fún yín ní odindi, kí wọ́n fi wáyà tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá bá ẹ́ńjìnnì náà nínú ọkọ̀ tí wọ́n gé sí méjì, ẹ fi fóònù ya gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ipò rẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Mo mọ̀ pé àwa Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ san kọ́bọ̀ lé e, ṣùgbọ́n owó tí ẹ fi dín bréènì kúrò nínú ìnáwó, ẹ máa san án fún èmi.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti inú mọ́tò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ṣíìpù nínú wá, bréènì rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dáná bí kò bá gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ gba òrùka tó yí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ká àti àpótí kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí wọn, ẹ wá bréènì míràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò àtijọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìpìlẹ̀ ń yẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní. Àwọn Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 ṣì wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ń kó pákó, wọ́n ń kó obì. Kọ́ńtáàtì (ẹnu irin méjì tó ń pàdé, tó ń là, láti gé iná kọ́ìlì) àti kọ́ńdẹ́nsà ló wà nínú ọ̀pọ̀ dísítríbútọ̀ wọn. Tí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì tó ní ígínáítà sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ bá kàn pààrọ̀ kọ́ìlì nìkan, ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn kọ́ìlì. Ẹ tú wáyà rẹ̀ kúrò, ẹ fi mítà sí óòmù, ẹ fi ẹnu kan kan ojú plọ́ọ̀sì, ẹnu kejì sí máínọ́ọ̀sì. Bí ó bá ka bíi 3, kọ́ìlì tó lè gba 12 fólítì tààrà ni. Bí ó bá ka bíi 1.5, ó ní rẹsísítọ̀ tó yẹ kó wà lọ́nà láàárín òun àti kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá sì kéré sí 1, ti ígínáítà nìyẹn. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú kọ́ńtáàtì, á jó o.

Kí ni rẹsísítọ̀ ń ṣe? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa iná kọ́ìlì wálẹ̀, kó má kọjá 6 sí 9 fólítì tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Nígbà tí kíkì (sítátà) bá ń yí ẹ́ńjìnnì, bátìrì fúnra rẹ̀ ti rẹ̀, ó lè wà ní 10 péré, nítorí náà wáyà míràn máa ń gba ẹ̀yìn rẹsísítọ̀ gbé iná bátìrì lódindi fún kọ́ìlì. Bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wáyà yẹn kú, rẹsísítọ̀ gba iṣẹ́. Ẹ wá rí i pé bí ẹ bá gbé ígínáítà sórí wáyà tó ní rẹsísítọ̀, kò ní yó: iná púlọ́ọ̀gì á máa pọ́n bí iná àtùpà, mọ́tò á máa mú lówùúrọ̀ tutù pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá sì yọ rẹsísítọ̀ kúrò tí ẹ fi kọ́ìlì 1.5 sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńtáàtì, kọ́ńtáàtì á jẹ, kọ́ìlì á gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè gbé e.

Rẹsísítọ̀ náà kì í fi gbogbo ìgbà fara hàn. Nínú àwọn mọ́tò kan, òun kọ́ ni òkúta funfun tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara mọ́tò; wáyà kan nínú ìdì wáyà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kò sì ní fojú rí i. Mítà ló máa tú àṣírí rẹ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ wọn plọ́ọ̀sì kọ́ìlì. Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyí: tí ẹnu kọ́ńtáàtì bá là, kò sí iná tó ń ṣàn, mítà á ka 12 bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lọ́nà. Ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí kọ́ńtáàtì pàdé, kí ẹ tó wọn. Bí bátìrì bá ń ka 12.4 tí kọ́ìlì ń ka 7, rẹsísítọ̀ wà níbì kan. Tí ẹ bá ń lọ sí ígínáítà, ẹ má wá a káàkiri, ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀, ẹ fa tuntun.

Wáyà tuntun yẹn ló mú wa dé ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró dáadáa, torí ó ju bréènì lọ tó ń pa iṣẹ́ àwọn èèyàn. Ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń yí sí ju ẹyọ kan lọ: pípa, ACC, ON, START. Àwọn wáyà tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò rí bákan náà. Òmíràn ní iná ní ON, ó sì tún ní in ní START. Òmíràn ní in ní ON, ṣùgbọ́n bí kíkì bá ti ń yí, ó kú. Òun ló ń gbé rédíò àti wáípà, wọ́n ń pa á kí bátìrì lè gbájú mọ́ kíkì. Ẹ̀kẹta ní in ní START nìkan. Ọmọ iṣẹ́ á ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, á fi tẹ́sítà kan wáyà, iná á tàn, inú rẹ̀ á dùn, á fi kọ́ìlì síbẹ̀. Kò wò ó nígbà tí kíkì ń yí.

Bí mọ́tò ṣe ń ṣe á sọ fún yín. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú nígbà tí kíkì ń yí, tó ń kú bí ẹ ti ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀: orí START nìkan ni kọ́ìlì wà, tàbí rẹsísítọ̀ ti já. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí gbirigbiri tí kò fẹ́ mú, ṣùgbọ́n tó máa ń ta pọ́n-ún lẹ́ẹ̀kan bí ẹ bá ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀: orí wáyà rédíò lẹ gbé e sí. Ẹ wá èyí tó ní iná ní ojú méjèèjì. Kí ẹnì kan jókòó máa yí kíkì, kí ẹ̀yin máa wo tẹ́sítà. Àwọn mọ́tò kan wà tí kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní ìdí kọ́ìlì, wáyà rẹsísítọ̀ àti wáyà START ni wọ́n fi ṣe é. Ní irú ibẹ̀, ẹ wá wáyà ON míràn lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́, tó dájú pé kì í kú bí kíkì bá ń yí.

Ẹ má sì gbé ẹrù ẹ́ńjìnnì tuntun lé wáyà kọ́kọ́rọ́ tààrà. Wáyà tí wọ́n ṣe fún kọ́ìlì kan ṣoṣo kò lè gbé kọ́ìlì méjì, ínjẹ́tọ̀ mẹ́rin tó ń fọ́n epo, bréènì àti pọ́ǹpù epo pọ̀. Ẹ fi rílè sí i, ìyẹn sùwíìṣì tí iná kékeré fi ń darí iná ńlá. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rílè kò ṣòro: 30 ni iná bátìrì ń bá wọlé, kó gba fíúsì kọjá kó tó dé ibẹ̀; 87 ló ń gbé e lọ fún ẹ́ńjìnnì; 85 àti 86 ni ẹ máa fi wáyà kọ́kọ́rọ́ àti ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí máínọ́ọ̀sì bátìrì) sí. Wáyà kọ́kọ́rọ́ á kàn máa jí rílè ni. Pọ́ǹpù epo ní rílè tirẹ̀ tí bréènì ń pàṣẹ fún, kó lè dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì. Ẹni tó bá so pọ́ǹpù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, bí mọ́tò bá kọlu nǹkan tí páìpù epo já, pọ́ǹpù á ṣì máa tú epo dànù. Mo ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó ní kí n yára, mo sì máa tún kọ̀ ọ́.

Ó kan Toyota báyìí, torí òun ló kún ìlú. “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Camry ni Camry ń jẹ́?” Rárá o. Camry Orobo, ti 1992 sí 1996, àti Pencil Light tó tẹ̀lé e, 1997 sí 2001, ẹ́ńjìnnì 5S-FE ti 2.2 lítà ló wà nínú àwọn onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin wọn. Bí ẹ bá gbé wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí kò mọ̀ á ní ìbejì ni. Ṣùgbọ́n dísítríbútọ̀ ló wà lára ti Orobo, inú rẹ̀ sì ni sẹ́ńsọ̀ tó ń bá bréènì sọ̀rọ̀ wà. Ti Pencil Light kò ní dísítríbútọ̀ rárá. Kọ́ìlì méjì ló ní, ọ̀kan fún púlọ́ọ̀gì 1 àti 4, èkejì fún 2 àti 3, sẹ́ńsọ̀ káráǹkì àti ti káàmù (ọ̀pá méjì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) sì ló ń ríran fún bréènì rẹ̀. Gbé ti Pencil Light sí Orobo, bréènì Orobo á máa retí ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ dísítríbútọ̀ tí kò sí. Kíkì á yí títí bátìrì á fi kú.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orí ẹ́ńjìnnì náà kí ẹ tó sanwó: ṣé ibi tí dísítríbútọ̀ ń wọ̀ wà, ṣé ìdí káàmù sì ní ibi tó máa gbá a mú? Bí kò bá sí, kò sí àrékérekè kankan, ẹ ra bréènì àti wáyà Pencil Light mọ́ ọn, kí ẹ so ó lódindi, kí ẹ wá so àwọn wáyà díẹ̀ tó ń lọ sínú mọ́tò: iná bátìrì, iná kọ́kọ́rọ́, kíkì, pọ́ǹpù epo, iná dáṣíbọ́ọ̀dù.

Toyota ní àṣà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bréènì máa ń fi wáyà kan pàṣẹ fún ígínáítà pé kó ta iná. IGT ni wọ́n ń pè é. Ígínáítà á fi wáyà míràn dáhùn pé òun ti ta á, IGF nìyẹn. Bí bréènì kò bá gbọ́ ìdáhùn, á pa ínjẹ́tọ̀ kí epo má bàa kún inú ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi lè mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó kú, tí ẹ bá sì yọ púlọ́ọ̀gì ẹ máa rí iná, ẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú pọ́ǹpù epo tí kò ṣẹ̀ yín. Lórí àwọn Orobo ìṣáájú, ẹ ṣí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wáyà so ihò tí wọ́n kọ TE1 sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ E1 sí, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ máa ka bí iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe ń ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀kan, ìdúró díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, 14 nìyẹn, IGF ni kí ẹ lọ wò. Bí ó bá jẹ́ 12 tàbí 13, sẹ́ńsọ̀ inú dísítríbútọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà láti 1996 wá, ẹ̀rọ sìkáànì tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa kà á.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ káráǹkì kì í ṣe ẹgbẹ́ wáyà lásán. Ó ní aṣọ irin tó wé e. Ẹ má gé e kí ẹ fi wáyà lásán rọ́pò, ẹ má sì jẹ́ kó bá wáyà púlọ́ọ̀gì tàbí ti ọ́lítánétọ̀ rìn pọ̀, bréènì á máa gbọ́ ariwo. Ẹnu kan aṣọ irin náà ni kí ẹ so mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá jẹ́ oníwáyà méjì, èyí tí ẹ fi sọ́tùn-ún kò gbọdọ̀ lọ sósì. Bí ẹ bá yí i, àsìkò iná á sún, mọ́tò á máa gbọ̀n tàbí kó má mú rárá. Ìtò iná 5S-FE, ìyẹn bí iná ṣe ń ta tẹ̀ léra lójú àwọn púlọ́ọ̀gì, ni 1-3-4-2, púlọ́ọ̀gì 1 sì wà lápá tí bẹ́líìtì táímìn wà.

Ẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì máa ń gbàgbé rẹ̀ ju ohunkóhun lọ, á fi wáyà ẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí gíábọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀dà. Kí wáyà tó nípọn ti máínọ́ọ̀sì bátìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì, kí òmíràn ti ẹ́ńjìnnì lọ sí ara mọ́tò, kí ẹ́ẹ̀tì bréènì sì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Lára Toyota, wáyà funfun tó ní ìlà dúdú sábà máa ń jẹ́ ẹ́ẹ̀tì ara mọ́tò, ti aláwọ̀ ilẹ̀ sì ń lọ sí ara ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mítà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba àwọ̀ gbọ́. Ẹ ha ọ̀dà kúrò kí irin máa dán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà sí fólítì, ẹnu kan sí máínọ́ọ̀sì bátìrì, ẹnu kejì sí ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí kíkì. Bó bá ju 0.5 lọ, ẹ́ẹ̀tì kò dáa. Mo mọ̀ mọ́tò tí kébùlù ẹ́sẹ̀létọ̀ rẹ̀ ń gbóná bí ẹ bá ti ń yí kíkì, torí iná ti gba ibẹ̀ wá ọ̀nà padà sílé.

Bí a ṣe ń so wáyà pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eyín bó wáyà mọ́. Ẹ fi ẹnu pùláyà bó o, ẹ kọ́kọ́ ki rọ́bà tó ń sún kì bọ ọ̀kan nínú wáyà náà, ẹ lọ́ wọn pọ̀, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o, ẹ fa rọ́bà náà bo ojú ibẹ̀ kí ẹ tó fi téèpù wé e. Téèpù nìkan á yọ́ nínú ooru ẹ́ńjìnnì láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Ti dáṣíbọ́ọ̀dù kò le. Bí ti mọ́tò bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń fi ọ́ìlì hàn, sẹ́ńsọ̀ tó ń tan iná nìkan kò bá a mu. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì àti ti gbígbóná lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bí ẹnu wọn bá dọ́gba. Iná bátìrì inú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dé ọ́lítánétọ̀, ọ̀pọ̀ ọ́lítánétọ̀ kò ní jí láìsí i, 13.8 sí 14.4 ni kó máa ka bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. RPM àtijọ́ (abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí hàn) ń ka iná láti máínọ́ọ̀sì kọ́ìlì. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọ̀kan nínú kọ́ìlì méjì, ìdajì ló máa kà.

Kí ẹ tó dáná ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yọ rílè pọ́ǹpù epo, kí epo má wọlé. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì míràn sí ẹnu wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, níbi tó jìnnà sí epo, kí wọ́n yí kíkì. Iná tó bú gbẹ̀ẹ́, tó funfun lójú, ni ẹ fẹ́ rí. Ẹ má fọwọ́ dì í mú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà púlọ́ọ̀gì kankan máa fì lófuurufú nígbà tí ẹ ń yí i, iná tí kò rí ibi gbà á padà bọ̀ wá pa ígínáítà. Kí sílíńdà tí wọ́n fi ń paná wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ dá rílè padà.

Bí ó bá ti mú tán, ẹ ya àwòrán wáyà tí ẹ so sórí bébà, ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ àti fíúsì tí ẹ fi sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú mọ́tò fún rìwáyà tó máa tún ṣí i lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹ fi rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìwé mọ́tò, kí ẹ sì lọ pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe páátíkúlà ọkọ̀, kí ẹ tó gbé e gba Ṣàgámù kọjá.